Káàdì Tó Dára, Tó Sì Yẹ Ká Dà Á Dé

  

Àwọn kan lára yín bi wá léèrè pé ṣé òótọ́ ni pé àwa tí a máa ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́ Sunday ṣì ń ta káàdì, lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí. Òótọ́ ni. A ṣì ń ta á. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ta á báyìí yàtọ̀ sí bí a ṣe ń ta á tẹ́lẹ̀, ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ káàdì, kó jọ̀ọ́ kó ní sùúrù, torí ọ̀rọ̀ náà máa dé ibi ilé tí a tà àti ilé tí a ò tà.

Àwa márùn-ún la máa ń jókòó. Onítáyà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ wà níbẹ̀, aláṣọ kan, oníkẹ́míìsì kan, àti Ẹ̀gbọ́n, tó dàgbà jù wá lọ, tí gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹfà ni Alhaji oníbàtà. Alhaji kì í fọwọ́ kan káàdì, ó ní haram ni, a ò sì lè bá a jiyàn. Àmọ́ ó máa ń gbé àga tirẹ̀ wá, á máa mu tíì, á máa wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ wa. Kó tó wá sí Jos, ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé tẹ́tẹ́ ńlá kan ní Èkó. Kì í ta, pípín ló ń pín káàdì fún àwọn tó ń ta. Ó ní ẹni tó ń pín káàdì ló ń rí ojú èèyàn jù, torí kò sí owó tirẹ̀ níbẹ̀ tí yóò máa fọ́ ọ lójú. Whot la ń ta tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó fi pókà hàn wá, a ò padà sídìí Whot mọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba káàdì méjì, á fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí márùn-ún sáàárín: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan tẹ̀ lé e, ọ̀kan tó kẹ́yìn. Ti àárín jẹ́ ti gbogbo wa. Nínú méjèèje, márùn-ún tó dára jù lẹ máa mú. Kí wọ́n tó ṣí nǹkan kan, àti lẹ́yìn ìṣísí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá láyà á fi owó sínú abọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ á san iye kan náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ á da káàdì tirẹ̀ dé, ohun tó ti fi sínú abọ́ ti lọ nìyẹn. Káàdì mẹ́ta tó jọra lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n márùn-ún tó ní àmì kan náà, bóyá ọkàn pupa gbogbo, èyí tí àwa ń pè ní ọlọ́kàn, ju mẹ́ta tó jọra lọ. Ìyẹn tó fún ìtàn yìí.

Bọ́tìnnì la fi ń ṣe owó, ẹ mọ ẹni tó ń kó o wá. Funfun jẹ́ ₦100, dúdú jẹ́ ₦500, aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń rán mọ́ kóòtù jẹ́ ₦1,000. Abọ́ tánńganran kan wà láàárín tábìlì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: káàdì tí kò dára kò ṣòroó dà dé. Bí ẹ bá gba 7 àti 2 tí àmì wọn ò jọra, ọmọdé gan-an á sọ ọ́ sílẹ̀, á dìde lọ wá omi mu. Káàdì tó dára ló ń pani. Ẹ ti jókòó fún wákàtí méjì, ẹ ń gba pàǹtírí, owó yín ń dín ní díẹ̀díẹ̀, ó wá di ẹ̀ẹ̀kan, ohun gidi bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ta ni yóò sọ fún yín pé kí ẹ jù ú nù? Ìyá ẹni gan-an ò lè sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjà ti tà, owó wà lọ́wọ́ gbogbo wa, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀kan nínú wa ni akápò àjọ nígbà náà. A ti fẹnu kò pé a ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tí a ní kó kọ ìwé yìí sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a má dárúkọ. Àwọn méjìlá ló ń dá àjọ náà, ₦10,000 lóṣù. Oṣù yẹn, Ìyá Elélùbọ́ ló kàn. Láàárọ̀ Monday ló máa gbà á. Ó fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, kó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí Ṣakí fún èlùbọ́. ₦120,000 náà wà nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, nínú àpò inú jákẹ́ẹ̀tì akápò. Torí òtútù ló fi wọ jákẹ́ẹ̀tì. Torí àìgbẹ́kẹ̀lé ilé ló fi gbé owó kiri.

Wọ́n pín káàdì, ó gba Ọba méjì. Kí wọ́n tó ṣí àárín, káàdì kan ṣoṣo ló ju Ọba méjì lọ, ìyẹn Ace méjì, Ẹ̀gbọ́n sì ti sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni èèyàn ń gba Ace méjì. Akápò fi owó sílẹ̀. Onítáyà àti oníkan mìíràn san án. Wọ́n ṣí mẹ́ta: Ọba ọlọ́kàn, 8 ọlọ́kàn, 3 dúdú.

Ọba mẹ́ta ti pé. Ní ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́wọ́ tó ju tirẹ̀ lọ. Ó fi owó sílẹ̀ sí i. Ẹnì kan da tirẹ̀ dé, Onítáyà san. Owó inú abọ́ di ₦12,000.

Káàdì kẹrin já: Jáàkì ọlọ́kàn. Ọlọ́kàn ti di mẹ́ta láàárín. Onítáyà, tó ti ń sanwó bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsọ̀rọ̀, wá fi ₦4,000 sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Akápò san án. Abọ́ di ₦20,000.

Káàdì karùn-ún: 2 ọlọ́kàn.

Ọlọ́kàn mẹ́rin ló wà láàárín báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọlọ́kàn kan péré lọ́wọ́, ì báà jẹ́ 4, ti na Ọba mẹ́ta nìyẹn. Akápò ò ní ọlọ́kàn kankan. Onítáyà ka bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà tó wà níwájú rẹ̀, ó jẹ́ 22. Ó tì wọ́n sínú abọ́. Ó tún ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ₦18,000, ó gbé e lé e. Ogójì ẹgbẹ̀rún naira. Ibi gbogbo dákẹ́.

Bọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà mẹ́fà péré ló kù níwájú akápò. Ó wo Ọba mẹ́ta rẹ̀. Ó ní, “Ṣé kí n da Ọba mẹ́ta dé ni? Ọba mẹ́ta!” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ wá lọ sínú jákẹ́ẹ̀tì, náílọ́ọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Alhaji dìde lórí àga. “Hàbá! Owó ta nìyẹn?”

Gbogbo wa ló gbọ́. Gbogbo wa la mọ owó ẹni tó jẹ́. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú wa, ìyẹn sì wà lára ohun tí a ń jẹ́wọ́ lónìí. Ó ka ₦34,000 nínú owó Ìyá Elélùbọ́, ó fi kún ₦6,000 tirẹ̀. Onítáyà ṣí káàdì: Ace ọlọ́kàn, 9 ọlọ́kàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kó abọ́ náà sọ́dọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Ìyá Elélùbọ́ dé. Akápò ní kó jọ̀ọ́ kó padà wá lọ́sàn-án. Ìyá ò padà sílé. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Akápò, ṣé kò sí o?” Ó ní kò sí. Ó gba ẹ̀yìn jáde, ó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù, ó lọ tà á fún ẹni tó rí i pé ojú ń kán an, tó sì dá iye tó wù ú lé e. Kí aago kan ọ̀sán tó lù, ₦120,000 ti pé. Ìyá kà á lẹ́ẹ̀mejì. A ò tíì rí i kó ka owó lẹ́ẹ̀mejì rí ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ìgbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Onítáyà gbé ₦20,000 wá nínú ẹ́ńfílóòpù. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e wá. Ó ní, “Bọ̀ọ́dá, ẹ gba èyí, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di nǹkan.” Akápò ní òun ò gbà, òun kì í ṣe alágbe, ohun tí òun fẹnu ara òun pàdánù, òun á gbé e jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ọjọ́ kan tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó da káàdì dé. Ilé rẹ̀ wà lókùnkùn fún oṣù mẹ́rin nígbàkígbà tí iná bá lọ. Àwọn ọmọ bi í léèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ó ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n ò pín káàdì. Ó to káàdì alẹ́ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà gan-an, ó ní kí akápò jókòó sáyè rẹ̀. Ó wá ń bi í lọ́rọ̀ bí tíṣà tí inú rẹ̀ ò dùn.

“Nígbà tí Jáàkì ọlọ́kàn já, tó fi ₦4,000 sílẹ̀, kí ló yẹ kí o ṣe?”

“Ó yẹ kí n dà á dé, sà.”

“Irọ́ ni. Ó yẹ kí o san án.”

Ẹnu ya gbogbo wa. Ó ní ká fọkàn sí i. Páàkì káàdì kan jẹ́ 52. Akápò ti rí mẹ́fà: méjì ọwọ́ rẹ̀, mẹ́rin àárín. 46 ló kù tí kò mọ ibi tó wà. Nínú 46 yẹn, mẹ́wàá lè gbà á: Ọba kan tó kù, 8 mẹ́ta, 3 mẹ́ta, Jáàkì mẹ́ta. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, tirẹ̀ á tún ga ju ti ọlọ́kàn lọ. Mẹ́wàá nínú 46, ó ju 21 nínú 100 lọ díẹ̀. Iye tó fẹ́ san ńkọ́? ₦4,000, kó lè kó abọ́ tó máa di ₦20,000. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. “Ọjà tí o rà ní ogún, tó ń tà ní mọ́kànlélógún,” Ẹ̀gbọ́n ní, “èrè rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n èrè ni. Ẹ̀yin oníṣòwò ló yẹ kẹ́ ẹ sọ èyí fún mi.”

Ó wá tẹ ìka mọ́ 2 ọlọ́kàn. “Ibí yìí ni nǹkan ti yí. Kò sí káàdì mìíràn tó ń bọ̀ wá gbà ọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ní kí o mú ₦40,000 wá, kí o lè kó ₦100,000. O gbọ́dọ̀ jàre ní ìgbà 40 nínú 100 kó tó má di gbèsè. Ohun kan ṣoṣo ló lè nà ọ́, ìyẹn ọlọ́kàn. Wàyí o, bí ó bá jẹ́ afọ́jú lò ń bá ta, tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà 36 nínú 100 ni yóò ní ọlọ́kàn. Ìyẹn ni pé wàá jàre ní ìgbà 64. Sáré san án! Ṣùgbọ́n ṣé afọ́jú ni Onítáyà?”

Gbogbo wa yíjú sí Onítáyà. Ó ń wo ilẹ̀.

“Láti ìgbà tí a ti ń ta, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkùnrin yìí ti fi owó tó ju ohun inú abọ́ lọ sílẹ̀, tí kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀?”

A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn. Kò sí ọjọ́ kan. Onítáyà ni ẹni tó máa ń wọn atẹ́gùn táyà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ kí ẹ wa mọ́tò lọ.

Ohun tí a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. A rò pé agbára káàdì wà lára káàdì. Ọba mẹ́ta kan náà ni, kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìṣísí àkọ́kọ́, kò sí olúwa rẹ̀. Ní ìkẹrin, ó tó san díẹ̀ lé lórí. Ní ìkarùn-ún, ó ti di nǹkan tí à ń dà dé. Káàdì ò ṣe nǹkan kan, àwọn tó yí i ká ló yí padà. Akápò ṣì ń rí ohun tó rí ní ìṣísí àkọ́kọ́.

Aláṣọ wa wá sọ ohun tó yé wa jù. Ó ní ẹni tó bá ní Àǹkárá tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń sọ pé “iye báyìí ni mo rà á,” òun àti ẹni tó ń wo inú abọ́ jọra. Oníbàárà ò bi ẹ́ ní iye tí o rà á. Iye tí o rà á ti lọ. Iye tó ń tà lónìí lọ̀rọ̀ wà. Owó akápò tó ti wà nínú abọ́, òun ló ń fà á lọ́wọ́, ó fẹ́ lọ gbà á padà. Kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ti abọ́ ni.

Alhaji, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, gbé kọ́ọ̀bù tíì sílẹ̀, ó ní ohun tí gbogbo eléyìí ń sọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́ láìlo nọ́ńbà: akíkanjú tó mọ̀ọ́jà tí kò mọ̀ọ́sá ní í bógun lọ. Ẹ̀gbọ́n ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe ò sọ fún wa iye tó yẹ ká san ká tó sá. Àwọn méjèèjì fi ìyẹn ṣe àríyànjiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ yẹn lòfin ti yí. Ohun tó bá wà níwájú ẹni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì, òun nìkan ló lè ta. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ àpò láàárín ọ̀nà, káàdì rẹ̀ ti kú. Bí owó yín ò bá tó ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ ó fi ìwọ̀nba tó kù níwájú yín san, apá abọ́ tó bá a mu nìkan lẹ lè jẹ. Ẹ̀gbọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ilé tẹ́tẹ́ gidi, òun ti sọ fún wa látìbẹ̀rẹ̀, àwa la pè é ní òfin òyìnbó. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó ju ₦5,000 wá sí ìjókòó mọ́. Akápò náà kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Alhaji ló ń tọ́jú àjọ báyìí.

Ẹ má rò pé bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn tó tán. Ọmọ oníkẹ́míìsì fi fídíò kan hàn wá lórí fóònù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ọdún 2003 ni, ní Las Vegas, ìdíje pókà tó tóbi jù lágbàáyé, èèyàn 839, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní $10,000. Ó ku ẹni méjì. Ọ̀kan ni Sammy Farha, ọmọ Lẹ́bánónì tí wọ́n bí ní Beirut, tó ti mọ káàdì bí ẹni mọ orúkọ rẹ̀. Èkejì ni Chris Moneymaker, akáǹtáǹtì kan láti Tennessee tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì fi owó tí kò tó $100 wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, a kọ́kọ́ rò pé irọ́ ni. Farha ní 9 méjì, ìyẹn ìbejì tó ga jù tí èèyàn lè fi ti àárín ṣe. Moneymaker ò ní nǹkan kan, káàdì tó ń retí ò já. Ó wá ti gbogbo owó rẹ̀ sáàárín. Farha jókòó, ó rò ó títí. Ó da 9 méjì rẹ̀ dé. Moneymaker ló gba ife náà, pẹ̀lú $2,500,000.

Akápò fò sókè. “Ẹ rí i! Ẹ rí i! Bó bá san án ńkọ́?”

Òótọ́ ni. Bó bá san án, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ òun ni yóò gba ife. Oníbọ́tìnnì sọ pé ìdí tí a fi mọ̀ pé Farha ṣìṣe ni pé kámẹ́rà fi káàdì wọn hàn wá. Farha ò rí ohun tí àwa rí. Ẹ̀gbọ́n gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi kún un pé kò sí bí èèyàn ṣe lè máa da káàdì dáadáa dé tí wọn ò ní fi halẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Ẹni tí wọn ò lè halẹ̀ mọ́ rárá ni ẹni tó ń san gbogbo rẹ̀, ẹ sì ti rí bí jẹnẹrétọ̀ ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Ẹni tó san tó pàdánù, ó rí ìdí tó fi pàdánù. Wọ́n ṣí Ace ọlọ́kàn hàn án, ó sunkún, ó tán. Ẹni tó da káàdì dé, wọn ò ní ṣí nǹkan kan hàn án. Yóò lọ sílé, yóò dùbúlẹ̀, yóò máa wo àjà. Ó sàn kí wọ́n nà ọ́, lójú ẹlòmíì, ju kí o máà mọ̀.

Ibi tí ilé ti wọ ọ̀rọ̀ rèé. Ẹnì kan wà tí ì bá jẹ́ ẹni keje wa. Ní oṣù September 2001, nígbà tí Jos dàrú yẹn, káàdì tó dára ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù méjì ní Main Market, ilé oníyàrá mẹ́jọ, oníbàárà láti Bauchi, láti Lafia, láti Shendam. Kò pé oṣù mẹ́ta, ó tà á. Ìdajì iye tó tó ló gbà. Ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó di Ìlọrin. A fi ṣe yẹ̀yẹ́. A ní ọkùnrin tó bẹ̀rù báyìí, báwo ló ṣe dé Jos ní àkọ́kọ́?

Ní February 2002, Main Market jóná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ò nílò kí a ṣàlàyé. Ṣọ́ọ̀bù méjì nínú àwa tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀, ọjà àti ìwé gbèsè àwọn oníbàárà jọ jóná pọ̀. Ti ẹni yẹn ti di ti ẹlòmíràn nígbà náà. A ní ó ríran. A pè é, a kí i.

Nígbà tó yá, ìlú rọlẹ̀, owó ilé gòkè, ilé oníyàrá mẹ́jọ yẹn di ohun tí wọ́n ń dá iye ńlá lé. Òwò tirẹ̀ ní Ìlọrin ò gbérí, ó ń gbé ilé àgbà bàbá rẹ̀. A ní ó kánjú. Lẹ́yìn náà ni 28 November 2008 dé, tí a sùn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. A tún ní ó ríran. January 2010 tún dé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ mìíràn. Bí a ṣe ń dá a láre la ń dá a lẹ́bi, ọdún dé ọdún. Òun náà máa ń pè wá. Kì í béèrè bí ọjà ṣe ń lọ ní àkọ́kọ́. Ohun tó máa ń béèrè ni pé ilé yẹn ńkọ́, ta ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣé wọ́n ti kùn ún. A máa ń sọ fún un pé wọ́n ti kùn ún. A kì í sọ àwọ̀ tó jẹ́, torí ó dára.

Àwa náà tí a dúró, kì í ṣe pé a ṣírò nǹkan kan. Àwọn kan dúró torí gbèsè tó wà níta, àwọn kan torí ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC, ẹnì kan torí pé ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lọ. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló sọ pé òun ronú sí i, ó sì ní ìrònú náà ò wúlò: ní tábìlì, bí ẹ bá da èyí dé, wọ́n á pín òmíràn láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ilé ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n pín in.

Kí a padà sídìí tábìlì. Ní Sunday mẹ́ta sẹ́yìn, akápò àtijọ́ gba Ayaba méjì. Wọ́n ṣí Ayaba, 9 àti 8. Ayaba mẹ́ta. A rí i lójú rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú pamọ́ títí dòní. Ìkẹrin já: 10. Ìkarùn-ún: 4. Ẹni tó bá ní Jáàkì kan ti ní 8, 9, 10, Jáàkì, Ayaba tó tò tẹ̀ léra, ó sì ju Ayaba mẹ́ta lọ. Owó inú abọ́ jẹ́ ₦2,600. Onítáyà ti ₦3,000 tó kù níwájú rẹ̀ sáàárín.

Akápò gbé ọwọ́ lé àyà, níbi tí àpò jákẹ́ẹ̀tì wà. Alhaji ò dìde, ṣùgbọ́n ó dá tíì mímu dúró. Akápò wo àárín, ó wo Onítáyà, ó tún wo àárín. Ìṣẹ́jú kan kọjá, a gbọ́ ọ̀kadà tó ń lọ ní Bauchi Road. Ó da Ayaba mẹ́ta dé. Ó dà á dé jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sókè ní àkọ́kọ́ kí gbogbo wa lè rí ohun tó ń sọ nù, ó wá yí i padà.

Onítáyà kó abọ́. Ó mú káàdì méjì tirẹ̀, ó tì í sí abẹ́ páàkì, ó sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀.

“Bọ̀ọ́dá, ṣé Jáàkì wà níbẹ̀?”

Kò dáhùn. Ní ọjọ́ kejì, akápò pè é lórí fóònù. Kò sọ. Wọ́n pàdé ní ìsọmọlórúkọ ní Rukuba Road, ó bi í létí àwo ìrẹsì, Onítáyà ní kó bá òun na omi. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, ó lọ ra táyà ẹ̀yìn méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó san owó, ó sì tún bi í. Onítáyà yọ ₦500 padà fún un. Ó ní òun lè gé owó táyà, ìyẹn ni gbogbo ohun tí òun lè ṣe fún un.